Kónílé-ó-gbélé ti tán, ọkàn wa ò tíì balẹ̀: lẹ́tà sí ẹ̀yin gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin gómìnà Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá. Mi ò ní fi kíkí fa ọ̀rọ̀ gùn torí ohun tó wà nínú mi pọ̀.

Tíṣà ni mí, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní apá Alágbàdo níbi tí Èkó àti Ògùn ti fẹnu kora. Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí ni hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ládùúgbò wa. Wọ́n kùn ún, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì tuntun wọlé, wọ́n ta kánópì síta, àwọn èèyàn ńlá wá gé ríbọ́ọ̀nù. Inú mi dùn, mo bá wọn rìn yí inú ẹ̀ ká. Yàrá aláboyún wà, ti abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ibà wò wà. Mo wá bi nọ́ọ̀sì tó ń mú wa kiri pé ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kì í rí oorun sùn ńkọ́, ẹni tí àyà ẹ̀ ń já ṣáá, ẹni tí ayé ti sú, yàrá wo ni ká mú un wọ̀? Ó ní, "Àǹtí, ìyẹn kì í ṣe tiwa níbí o, ẹ gbé e lọ sí Yábà tàbí Àrò." Mi ò dá a lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó kó oògùn ẹ̀ fún un. Ẹ̀yin lẹ ni ìdáhùn ìbéèrè yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síta kí gbogbo èèyàn lè bá mi kà á.

1. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ohun tójú wa rí

Òpin February 2020 ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà ní Nàìjíríà, ará Italy tó gba Èkó wọlé tó sì dé Ewékorò. Nígbà tó di aago mọ́kànlá alẹ́ 30 March, ìjọba àpapọ̀ ti Èkó àti Abuja pa, Ògùn tẹ̀ lé e ní 3 April. Ọjọ́ 14 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n tún fi 14 míì lé e, ó di 4 May kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kódà ìpínlẹ̀ tí wọn ò tì pa pátápátá, kọ́fíù ò jẹ́ kí wọ́n rìn lálẹ́, ọ̀nà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíì ò sì ṣí títí di July. Ní Èkó, aago mẹ́wàá sí aago méjì ni ọjà oúnjẹ fi ń ṣí, bó bá ṣí lónìí ó di ọ̀túnla. Àjíǹde kọjá, gbogbo Ramadan kọjá, inú palọ̀ la ti kírun Yídì, August ni mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣí l'Ékòó. Ẹni tí ìyá ẹ̀ kú nígbà yẹn, èèyàn 20 ni wọ́n ní kó péjọ, àwọn àbúrò tó wà ní ìpínlẹ̀ míì orí fóònù ni wọ́n ti wo bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Mi ò sọ pé kò yẹ kẹ́ ẹ ti ìlú o. Àrùn yẹn wà, ó pa èèyàn tó lé ní 3,000 ní Nàìjíríà nínú àwọn tí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn, kọ sílẹ̀, àwọn kan lára àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ìgbà yẹn náà ní in, wọ́n sì jáde sọ ọ́ fún aráyé. Ohun tí mò ń bá yín fà ni pé ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn, bó bá ṣí i tán, ó yẹ kó wọlé wá wò ó bóyá ara ẹ̀ le. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ò wọlé.

Ẹ rántí òru April yẹn ní ọ̀dọ̀ wa. Ìròyìn gbòde pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olè One Million Boys àti Awawa ń bọ̀, láti Àgége dé Ifákò dé Alágbàdo dé Sàngó dé Ọ̀tà. Kò síná, kò sówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọlọ́pàá tá a pè ò dé. Àwọn ọkùnrin àdúgbò dáná sun táyà ní oríta, wọ́n mú àdá àti igi, wọ́n ń fi irin lu òpó iná kó lè dún pé àwọn ò sùn. Àwa obìnrin kó gbogbo ọmọ sí yàrá kan, a ti bẹ́ẹ̀dì mọ́ ilẹ̀kùn, èéfín táyà ń gba fèrèsé wọlé títí ilẹ̀ fi mọ́, ọmọ kan ń húkọ́ a sì ń fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Títí dòní bí wọ́n bá lu irin lóru, kó jẹ́ ọlọ́dẹ àdúgbò tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ ni o, mo ti dìde jókòó, àyà mi á máa lù kìkì, ọwọ́ mi á tutù. Èmi nìkan kọ́, torí bílẹ̀ bá mọ́, nídìí omi, ẹ máa gbọ́ tí àwọn ìyá ń bi ara wọn pé ìwọ náà gbọ́ ọ lánàá?

Àwọn tó yẹ kó dáàbò bò wá gan-an náà ń pa wá. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, NHRC, jáde ní àárín April yẹn, wọ́n ní agbófinró tó ń mú òfin kónílé-ó-gbélé ṣẹ ti pa èèyàn 18, nígbà tó jẹ́ pé 12 ni Kòrónà fúnra ẹ̀ ti pa lásìkò náà. Ta ló lọ bá àwọn mọ̀lẹ́bí èèyàn 18 yẹn jókòó láti bi wọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń sùn?

2. Geètì ṣí, ìyà ò jáde

Tíṣà aládàáni bíi tèmi ò gba owó oṣù láti March 2020 títí iléèwé fi wọlé, ìyẹn lọ bí oṣù mẹ́fà, àwọn míì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olùkọ́ gírámà ń ta ata, ń fọ aṣọ fún aládùúgbò, wọn ò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn rí wọn. Palliative tí wọ́n ní ìjọba pín, adúgbò wa rí ìrẹsì díẹ̀, a pín in ní kóńgò, ibẹ̀ náà ló parí sí. Ọ̀pọ̀ wá bá àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù lọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, bí ọjọ́ bá pé tí o ò rí i san wọ́n á fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ, sí pásítọ̀, sí ìyá ọkọ, sí ọ̀gá ibi iṣẹ́, pé olè ni, ẹ bá wa mú un. Ó burú débi pé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì wọn n'Íkẹjà ní 2022. Mo mọ ìyàwó ilé kan tí bí fóònù bá dún, fóònù ẹnikẹ́ni ni o, ó máa ń gbọ̀n. Gbèsè yẹn ti tán tipẹ́. Gbígbọ̀n yẹn ò tán.

Kí ara tó balẹ̀ níbẹ̀, EndSARS dé ní October 2020, àwọn èèyàn fọ́ ibi tí wọ́n kó oúnjẹ palliative pa mọ́ sí ní Mazamaza, wọ́n rí i pé oúnjẹ wà nílẹ̀ nígbà tí ebi ń pa wọ́n. Ẹ má sọ pé nǹkan kékeré nìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni epo gbówó lórí ní 2023 tí gbogbo nǹkan sì tẹ̀ lé e. Ìdààmú kan ò tíì kúrò lára tí òmíì fi ń gun orí ẹ̀, ẹni tí ò bá sì rí ẹni gbọ́ tẹnu ẹ̀ láti ti àkọ́kọ́, kí lẹ rò pé ó máa ṣe é nígbà tó bá di ẹ̀kẹrin?

3. Àwọn ọmọ tó ń jókòó níwájú mi

Ibí yìí ló ń dùn mí jù. Nígbà tá a wọlé padà, mo rí ọmọ tó máa ń kàwé sókè tẹ́lẹ̀ tí ò fẹ́ kí n pe orúkọ òun mọ́. Ọmọbìnrin kan wà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà yẹn, tó bá ti gbọ́ tí gateman fi ṣéènì sí geètì á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, á ní ṣé wọ́n tún ti tì wá pa ni, ṣé mọ́mì òun máa ráyè wọlé. Mo ní kí gateman máa fi okùn so ó títí wọ́n á fi jáde. Gbogbo ìtọ́jú tí ọmọ yẹn rí nìyẹn o, okùn. A ò ní olùgbaninímọ̀ràn, n ò sì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan lórí ẹ̀, ẹnikẹ́ni láti ìjọba ò sì wá bi wá rí pé báwo làwọn ọmọ yín ṣe ṣe, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa ká kún ni ti omi ìfọwọ́ àti ẹ̀rọ tó ń wọn bí ara ṣe gbóná sí.

Àwọn tó wà ní yunifásítì náà, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ wọn, daṣẹ́ sílẹ̀ ní March 2020 kan náà, December ni wọ́n tó so ìyanṣẹ́lódì yẹn rọ̀. Odindi oṣù mẹ́sàn-án lọ mọ́ wọn lọ́wọ́, nínú ilé, láìsí ohun tí wọ́n ń ṣe, kí wọ́n tó tún gùn lé òmíì ní 2022. Púpọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ kólórádò àti tírámádọ̀. Mi ò fi sọ pé Kòrónà ló mú oògùn olóró wá o, ìwádìí tí NBS, àjọ oníṣirò ìjọba, àti àjọ UN gbé jáde nípa ẹ̀ kí Kòrónà tó dé ti sọ pé 14.4% nínú àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló ń lò ó ní Nàìjíríà, pé ilẹ̀ Yorùbá tiwa yìí ló pọ̀ jù sí, 22.4%. Ẹ ti mọ̀ pé ibi tá a ti ń jẹ̀rora nìyẹn, ẹ sì ti wa mọ́lé lé e lórí.

4. Kò sẹ́ni tó lè ní òun ò gbọ́

WHO, àjọ ìlera àgbáyé, jáde ní March 2022, wọ́n ní ní ọdún àkọ́kọ́ Kòrónà nìkan, àìbalẹ̀ ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì fi 25% lé sí i káàkiri ayé, pé àwọn ọ̀dọ́ àti obìnrin ló kàn jù. Ní May 2023 wọ́n kéde pé Kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì mọ́, láti ìgbà náà ẹ̀yin àti gbogbo ìjọba ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ wá wo ohun tá a ní. Dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ ní gbogbo Nàìjíríà, iye tí àwọn fúnra wọn máa ń dá ni pé wọn ò tó 300, fún àwa tá a lé ní mílíọ̀nù 200, àwọn tó sì wà ń lọ sí Ìlú Ọba. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní ìpínlẹ̀ yín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, méjì ni, Yábà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907 àti Àrò. Àwọn yunifásítì ń gbìyànjú ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ 137 ló wà lábẹ́ ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ sọ fún mi, alágbẹ̀dẹ tó wà ní Ọ̀kàkà tàbí ẹni tó ń pọn omi tà ní Ìkàrẹ́, èló ni kó fi wọkọ̀ lọ, tí wọ́n á tún fún un ní ọjọ́ míì pé kó padà wá?

Ẹ sì mọ̀ pé orúkọ ibẹ̀ gan-an ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù. Bí wọ́n bá rí ẹ ní Àrò, ó parí, ọmọ rẹ ò ní rí ẹni fẹ́. Torí náà wọ́n á gbé e lọ sí ilé àdúrà, ilé ààfáà, ilé onísègùn, àwọn kan ń ṣàánú wọn níbẹ̀ lóòótọ́, àwọn míì ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ní November 2019, n'Íbàdàn, ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde nínú ilé kan ṣoṣo tí wọ́n ní àwọn fi ń tún ìwà èèyàn ṣe.

Èmi náà lọ sí ọsibítù ìjọba kan lẹ́yìn kónílé-ó-gbélé. Àyà mi já lójijì nínú ọkọ̀, mi ò lè mí dáadáa, mo rò pé ikú ti dé. Wọ́n wọn BP mi, wọ́n yẹ ibà wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, wọ́n kọ vitamin fún mi wọ́n ní kí n má ronú mọ́. Ó tún ṣe mí, ó tún ṣe mí, mo ná owó tí mi ò ní lórí àyẹ̀wò ọkàn, ó pẹ́ gan-an kí dókítà kan tó jókòó tó ṣàlàyé fún mi pé àìbalẹ̀ ọkàn ni, pé ó wọ́pọ̀, pé ó ní ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn ò gba ẹ̀rọ kankan. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ́ lè sọ ọ́.

5. Ẹ má sọ pé a ò mọ bá a ṣe máa ṣe é, ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n

Ní 1954 tí Àrò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ábẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta fúnra ẹ̀, kò kàn ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ọgbà. Ó fi wọ́n sínú abúlé tó yí ọsibítù ká, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, ẹbí ẹnì kan á bá a wá á máa se oúnjẹ fún un, wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án wọ́n sì ń padà sílé. Ó bá àwọn onísègùn ìbílẹ̀ náà ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé wá wò ó, òun ló wá di igbá kejì ọ̀gá àgbà WHO. Ohun tó mọ̀ nígbà yẹn ni pé ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń dàrú nílò èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kónílé-ó-gbélé sì ṣe òdìkejì ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún gbogbo wa.

Ti àìpẹ́ yìí náà wà. WHO ní ìwé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní mhGAP, èyí tí wọ́n ń fi kọ́ nọ́ọ̀sì àti àwọn CHEW, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, tó wà ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà bí wọ́n ṣe máa dá ìrẹ̀wẹ̀sì, wárápá àti àwọn àìsàn ọpọlọ yòókù mọ̀, kí wọ́n tọ́jú èyí tí agbára wọn ká, kí wọ́n fi èyí tó le ránṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn gbé e dé Ọ̀ṣun ṣáájú Kòrónà, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ, ó sì ṣiṣẹ́, àwọn tí kì í dá aláìsàn bẹ́ẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn mọ̀. Gómìnà Ọ̀ṣun, inú ilé yín ni wọ́n ti dán an wò. Àwa Yorùbá ò ní wọlé ká sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ló mú wa, a máa ní nǹkan ń rìn nínú orí wa, orí ń gbóná, àyà ń já, ara ń ta wá. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti kọ́ á gbọ́ ìyẹn, á sì tún béèrè ìbéèrè méjì mẹ́ta sí i dípò kó kọ oògùn ibà.

6. Òfin

Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ ní January 2023, òun ló rọ́pò òfin Lunacy tí gbòǹgbò ẹ̀ ti wà láti 1916. Èkó ti ní tiẹ̀ kí Kòrónà tó dé. Ọ̀rọ̀ ìlera wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ náà, kì í ṣe Abuja nìkan, ìpínlẹ̀ tí ò bá tíì sọ ọ́ di òfin níbẹ̀ kó lọ ṣe é. Apá 327 nínú Criminal Code sì wà tó ní ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀mí ara ẹ̀ tí kò kú, ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ẹni tó ń wá ẹni tó máa fà á lọ́wọ́ jáde, ẹ̀yin fẹ́ fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́? Òfin ọ̀daràn Èkó ti yí tiẹ̀, ọsibítù ni kóòtù á ní kí wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ò bá tíì yí tiyín, ẹ ní ilé aṣòfin.

7. Ohun tí mò ń béèrè

Kí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ẹnì kan tí wọ́n ti fi mhGAP kọ́, kí oògùn tó yẹ wà lórí pẹpẹ bí ti ibà ṣe wà, kí ẹ sì máa san owó ẹni náà lásìkò kó má baà sá lọ. Èyí ló ṣe pàtàkì jù fún mi, bí ẹ bá ṣe òun nìkan mo máa dúpẹ́.

Kí ẹ kọ ìtọ́jú ọkàn kedere sínú ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ yín, Ìlera Èkó àti àwọn yòókù, kó má jẹ́ pé ìbímọ àti ibà nìkan ni káàdì yẹn mọ̀.

Kí ẹ fún iléèwé, tìjọba àti aládàáni, ní olùgbaninímọ̀ràn tó mọṣẹ́, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé iléèwé mélòó kan ló máa jọ lo ẹnì kan, kí ẹ sì kọ́ àwa tíṣà.

Kí nọ́ńbà kan wà tí èèyàn lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ lóru, kí ẹni tó máa gbé e gbọ́ Yorùbá, Yorùbá Oǹdó àti Èkìtì náà. Nígbà Kòrónà ẹ rí nọ́ńbà fún wa láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, rédíò ń ka á tọ̀sán tòru.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ máa tó dé iwájú àwọn aṣòfin yín. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yín jáde sọ fún wa, ní Yorùbá, lórí rédíò ìpínlẹ̀ ẹ̀, èló ló wà níbẹ̀ fún ìlera ọpọlọ lẹ́yìn owó oṣù, àti hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wo ló máa kọ́kọ́ dé. A máa tẹ́tí, a sì máa lọ síbẹ̀ lọ wò ó.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà kan ní Alágbàdo